Àwọn ọmọ aláṣọ dúdú àti funfun tó ń jókòó ní kóòtù Òṣogbo: ṣé wọ́n lè ran ẹni tí kò lówó lọ́yà lọ́wọ́?

Ìyá Aránṣọ Ìgbọ̀nà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa òfin nínú yín kó bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ tó máa ń wọ súùtù dúdú àti ẹ̀wù funfun, tí wọ́n máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ní kóòtù tí wọ́n á máa kọ nǹkan sínú ìwé, ta ló ń rán wọn wá? Ṣé àdéhùn kan wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ wọn àti kóòtù ni? Èyí tó ká mi lára jù nínú ìbéèrè mi rèé: ṣé ìwé nìkan ni wọ́n wá kọ, àbí wọ́n lè ran àwa tí a kò lówó lọ́yà lọ́wọ́?

Ohun tó fà á nìyí. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní ẹ̀gbọ́n tó ń gun ọ̀kadà. Wọ́n mú ọmọkùnrin náà lórí fóònù tí wọ́n ní wọ́n jí. Ó ní òun rà á ni. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ tàbí irọ́, kóòtù ló máa wádìí ìyẹn. Èmi, ọmọ iṣẹ́ mi àti ìyá wọn la lọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé iwájú májísíréètì. Wọ́n ka ẹ̀sùn, ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọmọ náà ní òun kò jẹ̀bi. Ibi tó wá kù ní gbólóhùn díẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti yí mọ́ wa lójú. Májísíréètì sọ̀rọ̀, akọ̀wé kọ ọ́, wọ́n pa fáìlì dé, wọ́n pe ẹjọ́ tó kàn. Ìyá náà fọwọ́ kàn mí, ó ní, “Ṣé wọ́n fún un ní béèlì ni, àbí wọn ò fún un?” Èmi náà ò mọ̀. Kí a tó jáde, wọ́n ti ń kó ọmọ náà sọ́kọ̀, wọ́n ní Iléṣà ló ń lọ.

Níta, ọkùnrin kan tó ń rìn káàkiri ibẹ̀ sọ fún wa pé obìnrin kì í dúró fún ènìyàn ní kóòtù, pé kí a wá owó wá, òun á bá wa ṣètò rẹ̀. Ìyá náà ti ń tú ìdí aṣọ rẹ̀ láti mú owó nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ aláṣọ dúdú yẹn jáde wá mu omi. Mo dá a dúró. Ọmọbìnrin ni. Ó jókòó ti ìyá náà lórí bẹ́ńṣì, ó sì sọ fún un pé béèlì wà, iye tó jẹ́, pé onídùúró méjì ni kóòtù ń béèrè, pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, àti pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa gbé ní àgbègbè tí àṣẹ kóòtù náà dé. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà fún un ní Yorùbá. Ó ní kí a má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Ẹ má bínú, Mọ́mì, ibi tí mo lè ṣe é dé nìyí.”

Ṣé òótọ́ ni pé ibi tó lè ṣe é dé nìyẹn? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ta la máa bẹ̀ kí ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Agbẹjọ́rò Òkè-Fìà:

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá, ẹ sì kú wàhálà. Lọ́yà ni mí, mo sì máa ń gba irú àwọn ọmọ yẹn sí ọ́fíìsì.

Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan ti gboyè ní yunifásítì, wọ́n wà ní Nigerian Law School, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti wà láti 1962, tí ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà ní Nàìjíríà ní láti gbà kọjá. Ó ní ọgbà ní Bwari, Èkó, Enugu, Kánò, Yola, Yenagoa àti Port Harcourt, kò sí ní Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n láàárín ọdún ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n á tú wọn ká sí kóòtù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì tún tú wọn sọ́dọ̀ àwọn lọ́yà. Ìwé tí ẹ rí lọ́wọ́ wọn yẹn, ohun tí ojú wọn rí lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá padà, àwọn olùkọ́ á jókòó bi wọ́n léèrè lórí rẹ̀. Àwọn kejì ṣì wà ní yunifásítì. Ní ìpínlẹ̀ wa, OAU ń kọ́ni ní òfin ní Ilé-Ifẹ̀, UNIOSUN náà ní ẹ̀ka òfin tirẹ̀ ní Ifẹ̀tẹ̀dó.

Òótọ́ ni ọmọbìnrin náà sọ fún yín. Lábẹ́ Legal Practitioners Act, òfin tó ń darí iṣẹ́ lọ́yà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé àwọn agbẹjọ́rò ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ nìkan ló lè dìde ní kóòtù gbẹnu sọ fún ẹlòmíì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ ní ìlànà tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin lè sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ bí lọ́yà àgbà bá dúró tì í. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ kí ó ṣàlàyé ohun tí májísíréètì ti sọ ní gbangba kò rú òfin kankan. Bí ó bá ní kí ọmọkùnrin yẹn jẹ́wọ́, tàbí kí ó má jẹ́wọ́, ibẹ̀ ló ti kọjá àyè rẹ̀, àfi kí lọ́yà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó lè ṣe lábẹ́ lọ́yà kò kéré rárá. Láti 2003 ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní NULAI ti ń bá àwọn yunifásítì Nàìjíríà ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè ní klínìkì òfin, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ ẹjọ́ aláìní lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó ń kọ lẹ́tà, tí ó ń ṣèwádìí, tí olùkọ́ tó jẹ́ lọ́yà sì ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí ó tó jáde. Yunifásítì Ìbàdàn dá ti àwọn obìnrin sílẹ̀ ní 2007. Ọ̀pọ̀ lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ tálákà lónìí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wọ́n lọ́kàn.

Ohun méjì tó jẹ́ ti ẹjọ́ yín gan-an. Irọ́ gbuu ni pé obìnrin kì í dúró fún ènìyàn. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn, tí wọ́n ṣe ní 2015, sọ ọ́ ní abala 167 pé a kò gbọ́dọ̀ lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí ìdúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè sì ti kọ irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní Òṣogbo níbí. Ìjọba ló dá a sílẹ̀ ní 1976. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n ń gbèjà. Bí ọ̀kadà tó ń gùn kò bá mú ju bẹ́ẹ̀ lọ wá fún un lóṣù, ó kúnjú òṣùwọ̀n.

Olójú Inú:

Ẹ má bínú sí mi o, èmi ò fara mọ́ ọn. Olówó gba SAN, àgbà lọ́yà, tálákà gba ọmọ ilé-ìwé? Bí ọmọ yẹn bá ṣe àṣìṣe, ta ló máa lọ sẹ́wọ̀n? Kì í ṣe ọmọ yẹn. Kí ìjọba gba lọ́yà sí Legal Aid kí ó pọ̀ tó, kí wọ́n sì san owó oṣù wọn. Gbogbo “àdéhùn” tí ẹ ń pè yìí, ọ̀nà láti fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ bo àìṣe ojúṣe ìjọba mọ́lẹ̀ ni.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Mo kí gbogbo yín. Nísàlẹ̀ tábìlì májísíréètì ni mo jókòó sí títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ti ibi tí mo mọ̀.

Olójú Inú, òótọ́ lo sọ nípa ìjọba. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí Ìyá Aránṣọ sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Béèlì ti wà. Májísíréètì ti ṣe tirẹ̀. Ọmọ náà ṣì lọ Iléṣà. Kò sí lọ́yà kankan, bí ó ti wù kí ó mọ̀wé tó, tí ibi yẹn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fúnni ní béèlì, ojú ọ̀nà ló kù yẹn. Onídùúró á mú fọ́tò wá, á mú káàdì ìdánimọ̀ wá, òṣìṣẹ́ ìjọba á mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ wá, nígbà mìíràn wọ́n á béèrè ìwé owó orí. Ẹnìkan á lọ wo ilé tí onídùúró ní òun ń gbé bóyá ó wà níbẹ̀. Wọ́n á kọ ìwé ìdúró, onídùúró á fọwọ́ sí i, májísíréètì á fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìtúsílẹ̀ á tó jáde, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì. Bí ọjọ́ náà bá jẹ́ Jímọ̀, tí ìwé kan ṣoṣo kò pé, Sátidé àti Sọ́ńdè ti bá a lọ nìyẹn. Mo ti rí ẹni tí owó béèlì rẹ̀ kò ga rárá tó pẹ́ lẹ́wọ̀n nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé fọ́tò méjì ni kí onídùúró mú wá, kì í ṣe ẹyọ kan.

Láàárọ̀, a máa ń lẹ orúkọ àwọn ẹjọ́ ọjọ́ náà mọ́ pátákó. Àwọn ìyá àti bàbá á dúró níwájú rẹ̀, wọn ò lè kà á. Tí wọ́n bá bi èmi, fáìlì ló wà lọ́wọ́ mi, májísíréètì sì ti ń wọlé bọ̀. Tí wọ́n bá bi ọlọ́pàá, òun ló mú ọmọ wọn wá. Ẹni tó bá ṣẹ́ kù tó máa ráyè dá wọn lóhùn ni àwọn tó ń rìn káàkiri níta, àwọn yẹn sì ń gba owó.

Ìdí nìyí tí èmi fi sọ pé kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ògiri inú kóòtù ló yẹ kí wọ́n fi àwọn ọmọ náà sí. Wọ́n lè jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ méjì kí wọ́n fi mọ bí ẹjọ́ ṣe ń lọ, ó tó. Ẹ gbé tábìlì kan síta, lẹ́bàá ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ wọn: kí wọ́n fi orúkọ han àwọn ènìyàn lórí pátákó, bí májísíréètì bá ti sọ̀rọ̀ tán, kí wọ́n kọ àwọn ohun tí béèlì béèrè fún ẹbí lórí bébà, bí ọmọbìnrin yẹn ti ṣe, kí wọ́n yẹ ìwé onídùúró wò kí ó tó dé iwájú akọ̀wé. Kí wọ́n sì ní ìwé kan tí orúkọ gbogbo ẹni tó gba béèlì tí kò tíì jáde wà nínú rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni èmi fẹ́ràn jù. Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ pé ẹni tó bá wà látìmọ́lé tàbí tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí béèlì, tí oṣù méjì bá kọjá tí wọn kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tú u sílẹ̀, yálà láìsí ìdúró tàbí pẹ̀lú ìlànà tí kò ní ni ín lára. Ta ló ń ka oṣù fún wọn? Ó lé ní ìdajì àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi rárá, wọ́n kàn ń dúró de ìgbẹ́jọ́ ni.

Òfin 2015 tí lọ́yà mẹ́nu bà tún ní kí májísíréètì tí wọ́n yàn máa lọ wo àgọ́ ọlọ́pàá lóṣooṣù láti mọ ẹni tó wà ní sẹ́ẹ̀lì àti ìdí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe irú òfin náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé wọn láti kọ orúkọ sílẹ̀. Ohun tó máa kọ́ nínú àbẹ̀wò ẹyọ kan, kò lè rí i kà nínú ìwé.

Ó ní ohun tó ń bà mí lẹ́rù ṣá o. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń lò tí wọ́n á fi lọ, ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ á wá dé tábìlì kò ní bá ẹnìkan. Àdéhùn tí kò bá wà lórí ìwé, tí kò dárúkọ olùkọ́ kan tó jẹ́ lọ́yà tí yóò máa wá déédéé, èmi ò ní fọkàn sí i. Kí ìwé náà sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí yunifásítì bá daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí a mọ̀ ọ́n. Kóòtù náà ń daṣẹ́ sílẹ̀: ní 2021, ó lé ní oṣù méjì tí JUSUN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù, fi ti ilẹ̀kùn kóòtù káàkiri Nàìjíríà. Kí ó sọ ọ́ ní kedere pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fáìlì bí akọ̀wé kò bá sí níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gba owó, kò gbọ́dọ̀ júwe ọ̀nà lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà kan tó mọ̀, ohun tó bá sì gbọ́ lẹ́nu ẹbí kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp kíláàsì wọn. Ẹni tó bá rú ọ̀kan nínú rẹ̀, kí ó padà sílé lọ́jọ́ náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Ifẹ̀tẹ̀dó:

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Mo ka ọ̀rọ̀ bàbá akọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun mẹ́ta kún un láti ọ̀dọ̀ àwa ọmọ.

Owó ọkọ̀ ni àkọ́kọ́. Láti Ifẹ̀tẹ̀dó dé Òṣogbo jìnnà, tí wọn kò bá ṣètò mọ́tò tàbí ibùgbé, àwọn ọmọ tí òbí wọn lówó nìkan ló máa wá. Èkejì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní gbogbo nǹkan. Mo lè kọ ojú ewé mẹ́rin lórí béèlì, àmọ́ nígbà tí ìyá mi àgbà bi mí nípa rẹ̀, ńṣe ni mo ń kólòlò. Kí wọ́n tó gbé wa sídìí tábìlì, kí àwọn ògbufọ̀ kóòtù kọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwọn olùkọ́ wa lọ. Ẹ̀kẹta, kí ó ní máàkì. Bí kò bá ní máàkì, tí ìdánwò bá ti sún mọ́lé, a ò ní wá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ.

Sí ẹ̀gbọ́n wa Olójú Inú: àwa náà ń bẹ̀rù àṣìṣe yẹn, sà. Ìdí tí a fi fẹ́ kí lọ́yà wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Aránṣọ Ìgbọ̀nà:

Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún yín.

Olójú Inú, mo gbọ́ ohun tí o sọ, inú sì ń bí èmi náà sí ìjọba. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tèmi, ọmọ iṣẹ́ ló ń gbá etí aṣọ, òun ló ń yọ òwú, òun ló ń di bọ́tìnnì. Kò ní gé áńkárá oníbàárà lójú mi títí tí ọwọ́ rẹ̀ á fi dúró. Ohun tí bàbá akọ̀wé kà sílẹ̀ yẹn, kò sí gígé aṣọ níbẹ̀. Kí ọmọ kàwé fún ìyá arúgbó lójú pátákó, ta ni yóò ṣe léṣe?

Mo ti pe ọmọ iṣẹ́ mi pé kí ìyá wọn lọ sí Legal Aid láàárọ̀ ọ̀la, kí ó mú bébà ọmọbìnrin yẹn dání. Àbúrò bàbá wọn tó jẹ́ tíṣà ti gbà láti dúró. Ìyá fúnra rẹ̀ ni onídùúró kejì, ẹni tó bá ní obìnrin kì í dúró, màá ní kí ó wá ka abala 167 sí mi létí.

Ohun tí mo tún fẹ́ bi yín: àwa aránṣọ Ìgbọ̀nà ní ẹgbẹ́, a ní ààrẹ, a ní akọ̀wé. Bí a bá fẹ́ kọ lẹ́tà pé a fẹ́ tábìlì yẹn, ta la máa kọ ọ́ sí? A lè dá owó ra tábìlì àti bẹ́ńṣì fúnra wa. Owó ọkọ̀ àwọn ọmọ yẹn náà, a lè jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Ìyá Aránṣọ, Chief Judge ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ó gba ọwọ́ Chief Registrar, olórí àwọn akọ̀wé kóòtù, kọjá, ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olórí ẹ̀ka òfin ní yunifásítì méjèèjì, àti sí ẹ̀ka NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, ti Òṣogbo, nítorí láìsí àwọn lọ́yà, ilé-ẹ̀kọ́ kò ní rí ẹni tó máa dúró ti àwọn ọmọ náà. Ojú ewé kan ṣoṣo ni kí ó jẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń béèrè sókè pátápátá: tábìlì kan, akẹ́kọ̀ọ́ méjì, lọ́yà kan, kóòtù kan péré láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin máa fi sílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní tábìlì ti wà nílẹ̀, wọn kò ní lè sọ pé kò sí nínú ìṣúnná owó.

Ẹ má mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn nínú rẹ̀ o. Ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà níwájú kóòtù, a kì í kọ lẹ́tà sí adájọ́ lórí ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí i.

Agbẹjọ́rò Òkè-Fìà:

Ẹ kọ orúkọ ọ́fíìsì mi mọ́ ọn pé a máa fi lọ́yà kan sílẹ̀ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Màá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọjọ́ tó kù ní ìpàdé NBA tó ń bọ̀.